Ọjọ́ Tí Ẹ̀gẹ́ Fi Ń Kan: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Gé E Kúrú

Oúnjẹ tí a ń dá dúró kí ó kan, tàbí kí ó rùn, kí a tó jẹ ẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì láàárín ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire. Ògì tí a ń mu ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ tútù tí a fi ń jẹ àkàrà, gàrí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bu omi sí, fùfú, láfún, irú inú ọbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ́kọ́ lo àkókò nínú omi, nínú àpò tàbí nínú ewé kí ó tó di oúnjẹ. Ilé tí wọ́n bá ti ń sẹ́ fùfú, ará àdúgbò kì í béèrè. Imú ni yóò sọ fún un. Síbẹ̀, bí oúnjẹ wọ̀nyí ṣe mọ́ wa lára tó, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ iṣẹ́ tí ọjọ́ wọ̀nyẹn ń ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wa láti gé wọn kúrú.

Lójú àwọn onímọ̀ ìlera, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ògì tàbí àpò gàrí kì í ṣe ìbàjẹ́ rárá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí kì í pa ènìyàn lára ni ó ń jẹ ṣúgà inú oúnjẹ náà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di èròjà kíkan. Kíkan yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò búburú, irú àwọn tí ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, rí àyè gbé níbẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, tún ju èyí lọ. Àwọn ọjọ́ tí ó fi ń kan ni ọjọ́ tí oró fi ń jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó ní àkókò tí a wà yìí. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni owó oúnjẹ ti fò sókè káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìṣirò ìjọba fún oṣù kẹfà ọdún 2024 fi hàn pé iye tí a ń ra oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú 100 ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Gàrí, tí a ti ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù láti ìgbà pípẹ́, kò yọ sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ìdílé tí ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé bá pinnu láti máa ṣe gàrí àti fùfú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó dára ni. Àmọ́ nígbà tí ebi bá ń pa ilé, tàbí tí ọjà bá ń pe ènìyàn, ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ̀gẹ́ lò ni a kọ́kọ́ ń jí. Ọjọ́ mẹ́ta a di ọjọ́ kan, ọjọ́ kan a di òwúrọ̀ sí alẹ́.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ wa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn ará Potogí ni wọ́n sì gbé e dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé mímọ bí a ti ń gbìn ín nìkan kò tó. Ènìyàn ní láti mọ bí a ti ń yọ oró rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ láti Bùràsíìlì, àwọn Àgùdà wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó mú ìmọ̀ bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń fún un, tí a sì ń yan án wá sí ilẹ̀ wa. Títí di òní olónìí, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Bùràsíìlì ń wọ́n sórí oúnjẹ wọn kò jìnnà sí gàrí wa.

Kí ni oró ọ̀hún? Nínú gbòǹgbò ẹ̀gẹ́, àti nínú ewé rẹ̀ pàápàá, ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí idà inú àkọ̀ ni linamarin rí nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní odidi. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tí ó bá rọ̀ nínú omi, èròjà mìíràn tí ó wà lọ́tọ̀ nínú ara ẹ̀gẹ́ kan náà yóò bá a pàdé, yóò tú u ká, sáyánáìdì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Májèlé gidi ni sáyánáìdì. Ohun tí ó ṣe wá láàánú ni pé kì í lè jókòó pẹ́ níbi tí ooru bá wà. Tí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ọ̀sán ilẹ̀ wa sábà máa ń kọjá, ó ti ń di afẹ́fẹ́ tí ó ń fò lọ. Omi tí a ń fún kúrò lára ẹ̀gẹ́ a sì tún máa gbé púpọ̀ lọ nínú rẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n á ní, "Ṣebí a óò yan án lórí iná? Kí ni yóò ṣẹ́kù?" Iná a máa lé sáyánáìdì tí ó ti tú jáde lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná kì í pa linamarin tí kò tí ì tú ká. Ohun tí iná ń pa ni èròjà kejì yẹn, èyí tí ì bá tú u. Nítorí náà, bí a bá rin ẹ̀gẹ́ ní òwúrọ̀ tí a sì gbé e ka iná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ńṣe ni a pa ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kí iṣẹ́ tó parí, linamarin tí ó kù yóò sì bá gàrí wọnú àwo. Nínú ìfun ènìyàn, àwọn kòkòrò tí ń gbé níbẹ̀ lè wá tú u ká, oró náà a sì jáde sínú ara dípò inú afẹ́fẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ gbogbo ni oró inú rẹ̀ pọ̀ bákan náà. Ẹ̀yà kan wà tí a lè bó, kí a sè é, kí a jẹ ẹ́ bí iṣu. Ẹ̀yà mìíràn wà tí ó korò, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Ọ̀dá òjò pẹ̀lú a máa mú kí oró inú ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀gẹ́ lọ́jà tí kò mọ oko tí ó ti wá, kí ó gbà pé ẹ̀yà kíkorò ni, kí ó sì fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ pé. Ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ sọ pé sáyánáìdì inú gàrí kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílógíráàmù kan lọ, ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju 10 lọ.

Kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán ni ewu yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ní àgbègbè Kasese ní orílẹ̀-èdè Ùgáńdà, àwọn ènìyàn jẹ oúnjẹ tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rò níbi ìsìnkú kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni èébì àti inú rírun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlera máa fi ka iye wọn, ènìyàn 98 ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn ní àgbègbè ọ̀hún, àwọn méjì sì kú. Nígbà tí a yẹ ìyẹ̀fun náà wò, sáyánáìdì inú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́jọ ìwọ̀n tí ìlànà gbà láàyè lọ. Ní orílẹ̀-èdè tiwa níbí, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kọ ìròyìn kan jáde ní ọdún 1992 lórí ènìyàn mẹ́ta tí ó kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe.

Ìyẹn ni oró tí ó ń pani lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó ń jẹni díẹ̀díẹ̀ tún wà. Ní ọdún 1981, nígbà tí ọ̀dá mú ní ìhà àríwá Mòsáḿbíìkì, àwọn ará àgbègbè Nampula kò ní ohun mìíràn láti jẹ ju ẹ̀gẹ́ kíkorò lọ, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró de ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe é. Láàárín oṣù díẹ̀, ó lé ní 1,000 ènìyàn, ìyá àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì tí kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Àrùn kan náà ni a ti mọ̀ ní Kóńgò láti ọdún 1938 ní konzo. Orúkọ yìí wá láti inú èdè àwọn ará Yaka, ó sì túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a so pọ̀. Kò ní ìwòsàn. Ẹni tí ó bá mú kò ní rìn bí i ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí ayé.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntòkun, onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó di olóògbé ní ọdún 1995, ṣe ìwádìí tí ó gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé lórí àìsàn kan tí ó ń bá àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ jà ní àwọn ọdún 1960. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta wọ́n bí iná, ìrìn wọn á máa gbọ̀n, ojú àti etí wọn á máa dín kù. Ó so àìsàn náà mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ohun aṣaralóore púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá sáyánáìdì nìkan ni ó fà á. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ara ènìyàn nílò èròjà inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà láti fi sọ ìwọ̀nba sáyánáìdì tí ó bá wọlé di ohun tí a lè tọ̀ dànù. Nítorí náà, ẹja díndín àti ẹ̀pà tí a fi ń mu gàrí kì í ṣe fáàrí lásán. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èyí tí ara sì sọ oró náà dà a máa dí àyódíìnì lọ́wọ́. Níbi tí iyọ̀ alàyódíìnì bá ti ṣọ̀wọ́n, ó lè dá kún gẹ̀gẹ̀ ọrùn.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é nílé? Kí a wu ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ tí a óò lò ó, tàbí kí ó má ju ọjọ́ kejì lọ, nítorí kì í pẹ́ rà. Kí a bó èèpo rẹ̀ méjèèjì kúrò pátápátá, nítorí oró inú èèpo sábà máa ń pọ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ. Kí a fọ̀ ọ́ dáadáa, kí a rin ín kí ó kúnná, kí a dì í sínú àpò tí ó mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í kánjú, wọ́n lè fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni gàrí wọn fi máa ń kan létí. Ní àkókò ọyẹ́, kí a fi ọjọ́ kan kún un, nítorí òtútù a máa fa ọwọ́ àwọn kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni a óò fún omi rẹ̀ tán, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú òkúta tàbí pẹ̀lú jáàkì, a óò sẹ́ ẹ, a óò sì yan án nínú agbada títí yóò fi gbẹ ṣaka. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí adìyẹ mu omi tí ó ń jò láti ara àpò náà, ẹ má sì da á sí odò tàbí ẹ̀bá kànga. Ibi tí a ti ń yan gàrí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, nítorí ooru tí ó ń jáde lára rẹ̀ kì í ṣe ooru lásán.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé tí a bá ti ta epo pupa sí i, kò sí ewu mọ́. Epo pupa dára fún ojú, ó sì ń mú kí gàrí wuni, àmọ́ kì í gba ipò ọjọ́. Gàrí pupa tí kò kan àti gàrí funfun tí kò kan, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ti fùfú àti láfún yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé a kì í rin wọn kí a tó rẹ wọ́n. A óò gé ẹ̀gẹ́ tí a ti bó, a óò rì í sínú omi tí ó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, títí yóò fi rọ̀ dé inú, tí a bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì tí yóò fọ́, tí okùn àárín rẹ̀ yóò sì fà yọ wẹ́rẹ́. Bí a bá bu díẹ̀ nínú omi kíkan ti àtẹ̀yìnwá sí i, yóò tètè kan. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa nìyẹn, ọgbọ́n tí ó sì dára ni. Èyí tí kò dára ni ti àwọn tí ń da ọṣẹ ìfọṣọ, kẹrosíìnì tàbí kàún sí i, tàbí tí ń ju ìṣó irin sínú rẹ̀, kí ó lè tètè rọ̀. Yàtọ̀ sí pé ọṣẹ àti kẹrosíìnì kì í ṣe oúnjẹ, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe: rírọ̀ ni àmì tí a fi ń mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ti lo ọjọ́ rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá fi ọṣẹ mú un rọ̀ ti ra àmì láìra ohun tí àmì náà dúró fún. Fùfú á funfun, á rí jọ̀lọ̀, a kò sì ní mọ̀. Lójú tiwa, ìdí yìí nìkan tó kí ènìyàn máa rẹ fùfú fúnra rẹ̀.

Láfún ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù, nítorí kò sí agbada tí yóò fi iná lé oró tí ó bá kù nínú rẹ̀. Oòrùn ni a ń gbára lé, oòrùn kò sì lè tú linamarin ká. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú rírẹ. Ibi tí a ń sá a sí tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Láfún tí a tẹ́ sí etí títì, eruku ọkọ̀ ń bà lé e, ní òru èkúté ń rìn lórí rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni a fi ń kó ibà Lassa, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, tí ó sì ti wá di ohun ọdọọdún ní àwọn ìpínlẹ̀ bí i Oǹdó àti Ẹdó. Orí pẹpẹ gíga, lórí ẹní tàbí ọ̀rá tí ó mọ́, ni kí a sá a sí, kí a kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sì tọ́jú láfún àti gàrí sínú ike tí ó ní ọmọrí tí ó dé pinpin.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́, tí òòyì, orí fífọ́, èébì, mímí kíákíá tàbí àárẹ̀ òjijì bá mú un láàárín wákàtí díẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ láìdúró. Kí a má ṣe fi ipá rọ epo pupa sí i lẹ́nu, pàápàá tí ó bá ti ń dákú; epo lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí a mú ìyókù oúnjẹ náà dání fún dókítà, kí a sì sọ fún àwọn tí wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Ògì kò ní oró bí i ti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni ó sábà máa ń mu ún, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kéré. A ń rẹ àgbàdo, ọkà bàbà tàbí jéró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ń fọ̀ ọ́, a ń lọ̀ ọ́, a ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, a sì ń jẹ́ kí ó tòrò tí yóò sì kan. Ẹ ṣa àgbàdo náà kí ẹ tó rẹ ẹ́. Èyí tí ó bá ti bu, tí ó dúdú tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé lára, ẹ dà á nù, ẹ má fi fún adìyẹ pàápàá. Oró tí èbu ń fi sínú àgbàdo kì í kú nígbà tí a bá se ògì, kíkan kò sì lè mú un kúrò tán. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àgbàdo tí ó bu mú ènìyàn 317 ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Omi tí a fi ń tọ́jú ògì náà gbọ́dọ̀ mọ́, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Omi orí ògì, tí àwọn kan ń pè ní omidùn, ni àwọn àgbà fi ń rẹ egbòogi, òótọ́ sì ni pé kíkan inú rẹ̀ ń dá àwọn kòkòrò kan dúró. Ṣùgbọ́n omi tútù tí a kò sè ni ó jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ ọwọ́ mu. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn ni kí a fún un, pẹ̀lú ọmú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí ọmọ má ṣe tọ́ ohun mìíràn wò ju ọmú ìyá rẹ̀ lọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ògì lè wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun aṣaralóore inú àgbàdo ni ó ń bá eèrí lọ. Ewúrẹ́ tí a ń da eèrí fún ni ó ń jẹ ọ̀rá rẹ̀. Cicely Williams, oníṣègùn ọmọdé tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, ni ó kọ̀wé ní ọdún 1933 nípa àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí a sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́: ẹsẹ̀ wọn ń wú, awọ ara wọn ń bó, irun wọn ń pọ́n. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àìsàn náà kéde rẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, ìyẹn kwashiorkor.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti gbé ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà sí jáde láti ìgbà pípẹ́. Ènìyàn lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Bí àgbàdo bá jẹ́ agolo 7, kí sóyà jẹ́ agolo 3. Kí a se sóyà náà fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí a bó o, kí a wá dà á mọ́ àgbàdo tí a ti rẹ, kí a lọ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tí kò bá rí sóyà lè fi ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná tàbí edé lílọ̀ sí ògì nígbà tí ó bá wà lórí iná. Kí ògì ọmọ sì ki. Èyí tí ó ń ṣàn bí omi kò ní kún inú ọmọ ju wákàtí kan lọ.

Irú ni ó kù, òun sì ni ó yàtọ̀ nínú gbogbo wọn, nítorí kì í kan. Kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ń fọ́ ohun aṣaralóore inú èso náà sí wẹ́wẹ́ kí ara lè tètè gbà á, láti ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti ń wá. Iṣẹ́ ńlá ni ṣíṣe rẹ̀, a kì í tan ara wa: èso igi irú ń gbé lórí iná láti òru di ọ̀sán kí èèpo rẹ̀ tó gbà láti bó, a ó tún un sè, a ó gbẹ omi rẹ̀, a ó fi ewé bò ó nínú igbá tàbí agbọ̀n, a ó fi aṣọ wé e kí ooru má bàa jáde, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi fà. Ẹni tí kò bá ní èso irú lè fi ẹ̀wà sóyà ṣe é lọ́nà kan náà. Ewé àti agbọ̀n ni kí a lò, kì í ṣe ike tí a dé pa, nítorí kòkòrò rere yìí nílò afẹ́fẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ni ó léwu.

Èrè tí ó wà nínú irú àtọwọ́dá ilé ni pé àwa fúnra wa ni a óò pinnu iye iyọ̀ tí yóò wọ inú rẹ̀. Irú ọjà a sábà máa ní iyọ̀ púpọ̀ kí ó má bàa tètè bàjẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ a sì máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ti sọ fún pé iyọ̀ òòjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ẹ̀kún ṣíbí ìmutíì kan, lè fi irú tí kò níyọ̀ dá adùn ọbẹ̀ rẹ̀ padà láìfọwọ́ kan kúùbù ìsebẹ̀, tí iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irú tí a kò fi iyọ̀ sí kì í pẹ́ níta ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Nínú fíríìjì ni kí a gbé e sí. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, kí a sá a sínú oòrùn kí ó gbẹ, kí a gún un, kí a sì rọ ọ́ sínú ìgò tí ó gbẹ. Ṣíbí tútù kò gbọdọ̀ wọ ìgò náà.